Ìtọ̀ Ajá Lórí Pákó Ìrókò

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní kó lọ wá irọ́ tó dùn ju èyí lọ pa. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti ti kẹrosíìnì bá pàdé nímú mi, mi ò sí níbi tí mo wà mọ́ nìyẹn. Mo ti padà sí yàrá òkè kan láàárín ìlú Ọ̀jọ́, mo wà lórí eékún méjèèjì, kànìnkàn wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń bẹ igi. Igi ni mo pè é o. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì, mo kúnlẹ̀, mo ń sọ fún pákó pé, "Jọ̀ọ́, ṣàánú mi."

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tó wà lọ́wọ́ Ìyànà-Ìbà, mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, irun orí mi sì pọ̀ nígbà náà, má rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n wá láti Èkìtì ń du yàrá tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ní Ìbà. Èmi lọ gba yàrá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ọ̀jọ́, torí ilẹ̀ òkè ilé náà. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ìrókò gidi, tí wọ́n kó gba orí ọ̀sà wá láti ìhà Ẹ̀pẹ́, tí pákó kọ̀ọ̀kan gùn láti ògiri dé ògiri láìní oríkèé. Láàárọ̀, ó máa ń tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bí ewé kókò. Lọ́sàn-án, á móoru díẹ̀, á sì máa rùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Bí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀, ó máa ń dún, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹni tó ń ráhùn, ńṣe ló dà bí àgbàlagbà tó ń dá èèyàn lóhùn pé, "Hùn, hùn, mò ń gbọ́."

Ọkọ ìyá onílé wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ pákó náà. Káfíńtà ni baba, ó sì ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Ìyá fúnra wọn jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, wọ́n sì ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Yàrá tí àwọn àti baba jọ lò, tó kọjú sí tèmi lókè, ṣófo. Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, pé kí n máa ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, kí n sì máa fi ìgbálẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní igun yàrá náà tó kọjú sí gábàsì ni baba ti máa ń kírun. Wọ́n ní kì í tẹ́ ẹní rárá. "Pákó tí mo fi ọwọ́ mi fá," ni baba máa ń wí, "kí ni mo fẹ́ da ẹní bò ó fún?" Ogójì ọdún ni iwájú orí rẹ̀ fi ń kan ojú kan náà, títí ojú ibẹ̀ fi ń dán yàtọ̀, kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìyá tẹ́ ẹní lé e, kí eruku má bàa bà á, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, ajá. Ọmọ Oǹdó ni mí, o sì mọ ohun tí ayé ń sọ nípa àwa àti ajá. Nígbà tí mo gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Òkòkòmáíkò, kò sẹ́ni tó gbà pé mo kàn fẹ́ sìn ín lásán ni. Mo sọ ọ́ ní Kílókànyín, kí n lè máa fi dá àwọn ayálégbé lóhùn láìbá wọn jà. Ìyá onílé ò gbà kó wọlé, wọ́n ní màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí n so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí mo bá ti ń kọjá lójú fèrèsé wọn láràárọ̀, wọ́n á ké sí mi.

"Ọmọ Oǹdó!"

"Mà!"

"Ṣé ó ti sanra tó?"

"Màmá, mi ò ní jẹ ẹ́ o."

"Mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ sè é, jọ̀ọ́, má wá yá ìkòkò mi."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi bá a dé. Èmi náà kì í gbà fún wọn. Màá ní ẹ̀yin Àwórì, ẹ kì í bi ẹja léèrè kí ẹ tó dín in. Báyìí la ṣe ń gbé, ó sì dùn mọ́ mi, torí ìyá tèmi ti kú nígbà náà, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo Èkó tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Òjò ọdún yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé di ọ̀gbàrà. Mo yọ́ ajá náà gbé wọ yàrá mi lọ́jọ́ kan, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti fa ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá ya. Gbogbo wọn ni mo fún ní máàkì. Bóyá àwọn kan nínú wọn ti di ọ̀gá báyìí. Ajá mi ló gbé wọn ga. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe ohun tí mo ṣe. Yàrá òdìkejì ṣófo, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, Kílókànyín kì í sì í gbó. Mo tì í mọ́bẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, títí òjò fi dáwọ́ dúró, níbẹ̀ ló ń gbé lójoojúmọ́ tí mo bá jáde. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń bá ìtọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá nù ún. Nígbà tó yá, mi ò bá nǹkan kan mọ́, ni mo wá ń yin ara mi pé olùkọ́ gidi ni mí, mo kọ́ ajá, ajá gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ó kàn rí ibi tó tù ú lára ju ẹnu ọ̀nà lọ ni. O máa bi mí pé òórùn ńkọ́. Òjò ni mo dá lẹ́bi. Ilé àtijọ́ lásìkò òjò, kí ni kì í rùn níbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ìyá pè mí wọ yàrá wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Mo fẹ́ lo ààwẹ̀ ọdún yìí lókè," ni wọ́n wí. "Àkọ́bí mi máa wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n á fi àga gbé mi. Ibi tí baba ti ń kírun, ibẹ̀ ni mo fẹ́ forí mi kàn. Mi ò rò pé màá rí ààwẹ̀ mìíràn lẹ́yìn èyí."

"Ẹ máa rí ogún sí i, Màmá."

"Ẹnu dídùn! Lọ bá mi gbá ibẹ̀ dáadáa."

Mo gòkè lọ, mo ń súfèé. Mo di etí ẹní mú, mo fà á, kò wá. Ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi agbára fà á, ó ya bí ìsàlẹ̀ àkàrà tó jóná mọ́ agbada, òórùn kan sì dìde lábẹ́ rẹ̀ tó mú omi wá sójú mi. Mo wolẹ̀. Pákó mẹ́ta ló ti dúdú. Kì í ṣe dúdú ìdọ̀tí; dúdú tó jìn ni, bí ìgbà tí èèyàn bá wo inú kànga. Etí rẹ̀ pọ́n, ó sì ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé. Ẹní tí ìyá tẹ́ kí ohunkóhun má bàa ba ibẹ̀ jẹ́, òun gan-an ló mu ìtọ̀ náà sára, tó dì í mú, tó ń fún pákó mu díẹ̀díẹ̀. Ojú dídán tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, mo wá a títí. Ó wà níbẹ̀, láàárín dúdú náà, ṣùgbọ́n kò dán mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọ, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé Kílókànyín lọ fún ọlọ́dẹ kan ní Ìbà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ayálégbé ti gbà pé mo ti jẹ ẹ́. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá ó rọ̀. Mi ò ráyè dá a lóhùn. Ọṣẹ àti omi ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni pé kò sí ohun tí omi ò lè fọ̀. Omi kàn jí òórùn náà dìde ni. Mo lo kẹrosíìnì. Ọjọ́ kẹta, mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkàn onírin fọ ìkòkò títí á fi tàn yanran. Mo ra ọsàn tó kún abọ́, mo fún un sílẹ̀, mo fi kànìnkàn onírin ha á láti ìgbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ó dá mi lójú pé iṣẹ́ púpọ̀ kì í lọ lásán. Nígbà tí ó gbẹ, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún ní àwọ̀ aró nínú. Mo fi omi eérú lé e, ó burú sí i. Mo ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, mo dà á sórí rẹ̀, gbogbo àyíká dúdú náà wá funfun bí ẹ̀tẹ̀, dúdú fúnra rẹ̀ kò mira. Èékánná mi ń ta mí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìlà iwájú ń sún sẹ́yìn nínú kíláàsì. Lójoojúmọ́, bí mo bá ń kọjá lójú fèrèsé ìsàlẹ̀, ìyá á ní, "Olùgbálẹ̀ mi, o mà ń ṣiṣẹ́ o! Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san." Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí ju ọsàn lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ bá bàbá káfíńtà kan ní Òkòkòmáíkò, ẹni tó máa ń kan bẹ́ẹ̀dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá títì. Mo ní kó wá bá mi wo pákó kan. Ó bá mi dé Ọ̀jọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé gòkè, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Kò wọlé. Ó bọ́ bàtà.

"Ọ̀gá mi ló kan èyí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi ni mo di orí kejì pákó mú. Mo kéré nígbà náà, ó fọ́ mi létí nítorí pé ọwọ́ mi gbọ̀n."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó rìn lọ sí igun náà, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka sí imú.

"Ajá," ló wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?"

"Ti ológbò máa ń ta jù báyìí lọ. Kí lẹ ti fi kàn án?" Mo kà wọ́n fún un. Nígbà tí mo dé orí ọsàn àti kànìnkàn onírin, ó di ojú. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ pa á. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bóyá ká fá díẹ̀ kúrò. Ìrókò kì í gba irin àti nǹkan kíkan pọ̀, á di aró ni. Ẹ fi ọwọ́ ara yín rẹ ẹ́ láró."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fá a náà."

Ó gbé ìfági jáde. Ó fá a lẹ́ẹ̀kan, ohun tó jáde ká bí irun, ó dúdú. Ó fá a lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Dúdú ni. Mo bi í bóyá ká yí àwọn pákó náà padà, kí ẹ̀yìn di ojú. Ó yọ ọ̀kan díẹ̀ níbi etí ògiri, ó tẹ orí wo abẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà jẹ́jẹ́ bí ẹni da aṣọ bo òkú. "Ó ti mu ún já," ló wí. Bí ká gé e, ká fi tuntun sí i ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń béèrè òṣùpá. "Irú ìrókò báyìí ti tán nínú igbó. Bí mo bá tiẹ̀ rí i, ṣé pákó tuntun ni baba fi orí kàn?"

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kó tó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún ìyá. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé imú wọn ló máa sọ fún wọn."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá irọ́. Òrùlé ń jò. Eku ni. Ayálégbé kan ló da nǹkan sílẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ títí èèyàn á fi bẹ̀ mí kí n sinmi, mi ò rí ọ̀kan tó lè dúró lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ìyá gòkè gan-an, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo wọlé lọ bá wọn. Àbúrò ọkọ wọn tó jẹ́ àlùfáà wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí ló dé?" ni ìyá wí, tí ẹ̀rín ti wà lẹ́nu wọn. "Ṣé o wá jẹ́wọ́ pé o ti jẹ ajá náà ni?"

Mo sọ fún wọn láti ilẹ̀ tí mo wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òjò, kọ́kọ́rọ́, ẹní, ọsàn. Àlùfáà ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ṣàánú mi, èèyàn dáadáa ni. Ó ní ohun àìmọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kò le tó bẹ́ẹ̀: ká bu omi tó mọ́ sí i, ká fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, àwọ̀ tó bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀. Ìrun ìyá máa gbà níbẹ̀.

Mo gbé orí sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo mí kanlẹ̀ nìyẹn.

Ìyá ń wo ọwọ́ wọn. "Mo gbọ́, àlùfáà," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run ti gbà á. Baba ńkọ́?"

Àlùfáà dìde, ó wọ bàtà rẹ̀.

Nígbà tí àkọ́bí wọn dé nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àga àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó síngbọnlẹ̀, mo gbọ́ ohùn ìyá láti ibi tí mo jókòó sí lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn jù, kí wọ́n máa lọ, àwọn á gbààwẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Wọn ò dárúkọ ajá. Wọn ò dárúkọ mi. Mo ń retí kí wọ́n lé mi jáde, kódà mo ń gbàdúrà fún un. Ẹni tí wọ́n bá lé, ó kéré tán, ó ti san nǹkan kan. Mo di ẹrù mi sínú àpótí méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, mo ti rí èèyàn púpọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ tí wọ́n sì sáré lọ ra ọṣẹ. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ mí. Mo mọ ohun tí wọn ò tíì mọ̀: pé àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àìnísùúrù ẹni tó ń fọ nǹkan ló máa ń jẹ́ kó wọlé jinlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí kan sọ̀kalẹ̀. Ìlẹ̀kùn ìyá ṣí. Wọ́n jókòó sórí ẹní ìrun wọn, ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Wá jókòó."

Mo jókòó.

"Mi ò lè gòkè, ojú mi náà ò sì ríran tó mọ́. Sọ bó ṣe rí fún mi."

"Màmá..."

"Bó ṣe rí gan-an. Má fi nǹkan kan kún un."

Mo sọ fún wọn pé ó tóbi tó àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ata. Mo sọ pé dúdú rẹ̀ ní aró nínú, pé àyíká rẹ̀ funfun, pé pákó mẹ́ta ló mú, pé ibi tí ìfági ti kọjá ti jìn díẹ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n ń gbọ́. Ọwọ́ wọn kúrò lára tẹ̀sùbáà.

"Ṣé ó kan ibi tó ń forí kàn?"

Irọ́ kan wá sẹ́nu mi nígbà náà, ó rọ̀, ó dùn, ó ṣetán. Mo gbé e mì.

"Ó kàn án, Màmá. Àárín rẹ̀ gan-an ni."

Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò sunkún. Wọ́n na ọwọ́ sí pákó ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni tó ń wá ojú kan, wọ́n sì fà á padà.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Ilẹ̀ ti mọ́."